Efinrin mi ti ń di igi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ efinrin mi ni mo gbé wá. Ẹ̀ka kan tí ìyá mi gé fún mi ní 2022 ni mo rì sínú ike ọ̀dà tí mo lu ihò sí nídìí, lẹ́yìn ilé wa ní Èbúté-Mẹ́ta. Kò yọ mí lẹ́nu rí. Oòrùn, omi díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tán. Òun la fi ń se ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, ìdí rẹ̀ ti le gbagidi, ewé rẹ̀ ń kéré sí i, òdòdó sì bo gbogbo orí rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ rún ewé rẹ̀, ó ṣì ń ta sánsán. Mo gbé ike náà wò, gbòǹgbò ti ń yọ jáde lójú ihò ìsàlẹ̀.

Ṣé kí n gé e wálẹ̀ báyìí tí òjò ń rọ̀, àbí kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ike? Aládùúgbò mi ní kí n hú u dànù, kí n gbin òmíràn. N kò lè ṣe é. Ìyá mi ti dolóògbé, ohun ọ̀gbìn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gé tiyín rí, ibo lẹ gé e dé kó tó tún rúwé?