Ìgbà wo ni fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ bá yín fínra? Ẹ sọ ti yín

Akẹ́kọ̀ọ́gbó: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o. Èmi ni màá bẹ̀rẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ àṣejáde mi sórí fláàṣì, mo lọ tẹ̀ ẹ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà kan náà, ìgbà tí mo délé, gbogbo fódà ti di shortcut. Mo tẹ ọ̀kan, kò ṣí. Mo tẹ òmíì, pàbó. Ẹnì kan wá ní kí n fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kí n nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, mo sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà.

Wáyà_já: O fọ́máàtì ẹ̀ kẹ̀?! Fáìlì ẹ ò lọ síbì kankan o! Ńṣe ni fáírọ́ọ̀sì yẹn kàn fi àwọn fódà ẹ pamọ́, tó wá gbé ayédèrú síwájú, gbogbo ìgbà tó o bá sì tẹ ayédèrú yẹn, òun gan-an lò ń jí dìde. Ò bá ti ṣí cmd (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows), kó o kọ attrib -h -r -s /s /d F:\*.* (tó bá jẹ́ F ni lẹ́tà fláàṣì ẹ), gbogbo ẹ̀ ì bá ti yọjú, kó o wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́ pẹ̀lú fáìlì .vbs tàbí .exe (ètò tó ń ṣiṣẹ́ téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́) tó bí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́gbó: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ mọ̀.

Ìyá_Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o 😂 Ẹni tó ní kó o fọ́máàtì ẹ̀ ńkọ́, ẹ ṣì ń kíra yín?

Akẹ́kọ̀ọ́gbó: Ọkọ mi ni báyìí mà.

Àgbà_Ẹ̀rọ: Ọdún 2000 ni tèmi, oṣù karùn-ún. Mo débi iṣẹ́ láàárọ̀ mo rí ímeèlì látọ̀dọ̀ ọ̀gá wa obìnrin, àkọlé ẹ̀ ni ILOVEYOU. Obìnrin tí kì í dáhùn tí mo bá kí i o! Mo wọ̀tún, mo wòsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí i. LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT ni mo rí, mo ní ìwé lásán ni, mi ò mọ̀ pé .vbs ló wà nídìí ẹ̀, ìrù orúkọ yẹn ò hàn lójú mi. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ba àwọn fótò JPG mi jẹ́, ó sì ti fi lẹ́tà ìfẹ́ náà ránṣẹ́ lórúkọ mi sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì wọn wà lọ́wọ́ mi, tó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó mi.

Ìyá_Ìbejì: "Mo ti ilẹ̀kùn" 😂😂😂 Kí lẹ fẹ́ ṣe, bàbá?

Dẹ́jọ̀kẹ́: Bàbá ìyàwó fèsì?

Àgbà_Ẹ̀rọ: Ó fèsì. Ó ní o ṣeun, ọmọ mi.

Wáyà_já: Ẹ má bínú o, ìyẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, worm ni. Fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ fáìlì míì kó tó rìn, worm ló máa ń dá rìn.

Dẹ́jọ̀kẹ́: Ó dá rìn báwo? Ṣebí bàbá ló ti ilẹ̀kùn tó ṣí i!

Wáyà_já: O rí mi mú díẹ̀ níbẹ̀ o. WannaCry, worm ọdún 2017 yẹn, gan-an lẹni tó dá rìn, kò dúró de kẹ́nikẹ́ni tẹ nǹkan kan, ihò kan nínú Windows ló ń gbà wọlé. Microsoft sì ti gbé ohun tí wọ́n máa fi dí ihò yẹn jáde lóṣù kẹta, oṣù karùn-ún ló tó jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún update pé ó dọ̀la, ẹ ń gbọ́?

Ọ̀mọ̀ràn: Worm yìí, kí la ó máa pè é? Ekòló?

Ìyá_Ìbejì: Ekòló wo? Aràn ni. Inú èèyàn ni aràn ń gbé.

Ọ̀mọ̀ràn: Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ekòló ló ń gbẹ́lẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíì, orí ekòló ni mo wà.

Dẹ́jọ̀kẹ́: Tó bá jẹ́ aràn, ẹ bá a wá oògùn aràn.

Èso_Ápù: Ẹ ra Mac, kọ̀ǹpútà Apple, kẹ́ ẹ sinmi.

Wáyà_já: Ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Flashback mú Mac tó lé ní 600,000 lọ́dún 2012. Sinmi níbẹ̀.

Kò_sówó: Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń ta antivirus ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ ni?

Tanímọ̀ọ́la: Mi ò mọ̀ o. Tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Mo wa software olówó gọbọi kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Mo pa á! Ẹni tó ní kó o so ajá ẹ mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé, kí lo rò pé ó fẹ́ wá ṣe? Ilẹ̀ mọ́, gbogbo fáìlì ti yí orúkọ padà, kò sí èyí tó ṣí mọ́, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ pé kí n wá sanwó bitcoin kí n tó gba kọ́kọ́rọ́.

Dẹ́jọ̀kẹ́: O san án?

Tanímọ̀ọ́la: Rárá o. Mo ní ẹ̀dà lórí hard disk kan tí mi ò so mọ́ nǹkan kan, ìyẹn nìkan ló yọ mí.

Kò_sówó: Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹ̀dà ńkọ́? Èèyàn á san án jàre.

Tanímọ̀ọ́la: Olè lò ń sanwó fún, ta ló fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn tí kò bá gbé kọ́kọ́rọ́ wá?

Wáyà_já: @Akẹ́kọ̀ọ́gbó, fláàṣì yẹn ṣì wà? Tó bá jẹ́ quick format (fọ́máàtì oníkíákíá) lo ṣe, tí o ò sì tíì kọ nǹkan míì lé e, àwọn software kan wà tó lè hú u jáde o.

Akẹ́kọ̀ọ́gbó: Ó wà. Fótò ìgbéyàwó wa la kó sórí ẹ̀.