Àbọ̀ lórí ìbéèrè AutoCAD mi: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará. Mo bi yín pé kí ló dé tí igi tí mo bá fà wọ inú àwòrán ọgbà oníbàárà wa ní Gwarinpa, tí mò ń fi AutoCAD (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ilẹ̀) yà, fi ń tóbi ju ilé lọ. Mítà ni sọ̀fíyọ̀ fi ya ilẹ̀, mìlímítà ni wọ́n fi ya igi, ló fi dà bíi pé mìlímítà igi kọ̀ọ̀kan di mítà kan. Mo tẹ INSUNITS, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ ìwọ̀n tí fáìlì ń lò, mo fi 6 sínú fáìlì ilẹ̀ fún mítà, 4 sínú ti igi fún mìlímítà. Bí mo ṣe tún igi fà wọlé báyìí, AutoCAD fúnra rẹ̀ ló dín in kù.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n sọ igi di block (àwòrán kan tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi), ẹ ṣeun gan-an ni. Oníbàárà ní òun ò fẹ́ dóńgóyárò mọ́, máńgòrò ló wu òun. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tún yà, gbogbo ìyókù sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Páìpù omi ti ní layer (ìpele àwòrán) tirẹ̀, òun ni mo sì ń kọ́kọ́ yà, torí ẹ̀ẹ̀rùn Abuja kì í ṣe kékeré.

Ìbéèrè yìí ti parí. Ti 3D, màá bi yín lọ́tọ̀.