Lórí "òṣèlú ibi iṣẹ́": ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá kí á máa pe ìfagagbága tó ń wáyé láàárín òṣìṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní "òṣèlú ibi iṣẹ́". Wọ́n ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún un, torí pé ọ́fíìsì kì í ṣe ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Mo tẹríba fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

"Ṣe ìlú" ló wà nínú òṣèlú. Ẹni tó ń ṣe ìlú a máa jáde síta, a polongo, wọn a dìbò. Ta ló ń polongo ní ọ́fíìsì? Ẹni tó fẹ́ gba ipò mọ́ ọ lọ́wọ́ á kọ́kọ́ bá ọ rẹ́rìn-ín, á bá ọ jẹun ọ̀sán, kó tó lọ ro ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ fún ọ̀gá. Tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kun nìyẹn, wọ́n sì ti ń ṣe é láàfin kí ọ́fíìsì tó dé. Tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ dárúkọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, "pọ́lítíìsì" ló máa wí: "Pọ́lítíìsì ibẹ̀ ti pọ̀ jù." N kò tíì gbọ́ ẹni tó fi òṣèlú síbẹ̀.

Ẹni tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀gá bá ń wò ó nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àrójúṣe ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Bíbélì wa, Éfésù 6:6, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fọkàn sí i: ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tí àṣẹ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ ni àrójúṣe ń bá jà.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ iṣẹ́ lórúkọ. Ní ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago l'Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí jókòó ti ọkùnrin 14 tó ń so wáyà ẹ̀rọ tẹlifóònù nínú yàrá kan, láti 1931 sí 1932. Bí wọ́n bá ṣe púpọ̀ sí i, owó wọn á lé. Síbẹ̀ wọn ò kọjá ìwọ̀n tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọ̀gá á gé iye owó orí iṣẹ́ tàbí kí wọ́n lé àwọn kan lọ. Ẹni tó bá sáré jù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá. Wọ́n ní orúkọ àbùkù fún ẹni tó ń ṣe jù, fún ẹni tó ń ṣe kéré jù, àti fún ẹni tó ń tú wọn fó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló bá wọn ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwa ń pè wọ́n ní aláṣejù, arẹ́nijẹ àti olófòófó. Ta ni kò gbọ́ ọ rí níbi iṣẹ́ nínú yín?

Èmi náà ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún 11. Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a ń fọwọ́ sí láràárọ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, wọ́n á fi báírò pupa fa ìlà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí abẹ́ ìlà ti pẹ́ nìyẹn. Ìyá kan tí ipò wọn kéré sí tiwa ló ń tọ́jú ìwé náà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ara ọmọ rẹ ò yá, wọ́n á fi àyè kan sílẹ̀ ní òfìfo lókè ìlà pupa dè ọ́. "Fàyègbà" la ń pè é. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fàyègbà kan sílẹ̀ lọ́la." Ọ̀gá ló ní àṣẹ; ìyá yìí ló ní agbára. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká máa fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì.)

Ọ̀gá tuntun dé, wọ́n gbé ìwé náà wọ ọ́fíìsì tiwọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo wa ti ń dé kí aago mẹ́jọ tó lù. A ó fọwọ́ sí i, a ó jókòó. Fáìlì tó máa ń lo ọjọ́ kan lórí tábìlì mi wá ń lo ọjọ́ mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá jẹ fàyègbà láàárọ̀ máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́ parí iṣẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Ní báyìí, aago mẹ́rin lù, kálukú gbé báàgì.

Ẹ̀gbọ́n mi, "òṣèlú" ò lè sọ ohun tó sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé yẹn wọlé. Mo dábàá kí á kọ "fàyègbà" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ìtumọ̀ yìí. Ẹni tó bá sì ní irú rẹ̀ láti gáréèjì, ọsibítù tàbí ilé ìwé tí ó ti ṣiṣẹ́, kó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn tó ti gbọ́ ọ.