Owó orí ọjà Amẹ́ríkà ká mi mọ́ ìdí ìkòkò aró: ẹ sọ tiyín náà

Aláró, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa Trump àti owó orí ọjà, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lórí ọjà tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń ṣépè fún un. N kò tíì rí ẹni tó sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ìdí àdìrẹ ni wọ́n bí mi sí. Ọjà Ìtòkú ni ìyá mi ti tà kí n tó máa tà, ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya, ni a sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Òfin wọn kan ló jẹ́ kó rọrùn nígbà náà: ẹrù tí owó rẹ̀ kò bá ju 800 dọ́là lọ kì í san owó bodè. Àdìrẹ yáàdì márùn-ún kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, nítorí náà bí mo bá ti dì í, tí mo san owó kílò, ó di ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Trump kéde owó orí tuntun fún gbogbo ayé, wọ́n kọ ìdá 14 nínú 100 sí iwájú Nàìjíríà. Ìpè kò dáwọ́ dúró lórí fóònù mi lọ́jọ́ náà. Mo fi ọkàn àwọn oníbàárà mi balẹ̀ pé kò kan ẹrù wa kékeré. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù náà, ó ní òun dá a dúró fún 90 ọjọ́, kí wọ́n ṣì máa gba ìdá 10. Nígbà tó tún di ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, tiwa ti di 15. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ṣì mí lọ́nà.

Ìyá kan ní Maryland fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án. Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, àwòrán àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàn dùn ni wọ́n sì fẹ́, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú. Aṣọ ẹbí ènìyàn méjìdínlógójì ni. Oṣù Kẹfà la ti ná an, kálukú sì sanwó tirẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé kálukú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé òjò oṣù Keje kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ láfún gbẹ lára aṣọ. Bí ẹ̀kọ kò bá sì gbẹ, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, àwòrán á dàrú. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè sáré sí. Bí oòrùn bá yọ, a sá a. Bí ó bá ṣú, a kó o wọlé.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ni Trump fọwọ́ sí i pé láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ẹrù kékeré náà yóò máa sanwó, láti orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá. Oníbàárà kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè o. N kò ka á sí. Mo ní ẹni tó dá tìṣáájú dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣebí á dá èyí náà dúró. Ọjọ́ 25 ni ẹrù kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú aṣọ́bodè wọn, òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Aṣọ 70 dọ́là, ìdá 15 lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́wàá àbọ̀. Ìyẹn nìkan ì bá ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n owó orí aṣọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó gbé ẹrù náà sì tún bu owó tiwọn lé e pé àwọn ló bá oníbàárà san án fún ìjọba. Owó iṣẹ́ yẹn ju owó ìjọba lọ! Ọmọbìnrin kan pè mí ní òru: "Àǹtí, ẹ ti gba owó lọ́wọ́ mi, ẹ tún rán ẹni wá gba òmíràn lẹ́nu ọ̀nà?" Kò sí ohun tí mo sọ tó wọ̀ ọ́ létí. Ènìyàn mẹ́sàn-án kọ ẹrù wọn sílẹ̀.

Nínú WhatsApp aṣọ ẹbí náà, ìjà dé. Bọ̀dá kan ní Trump ń gbèjà òṣìṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, pé ká ní ìjọba tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ aṣọ Kàdúná kò ní kógbá sílé. Àǹtí kan dá a lóhùn pé ta ló ń ya Mápó sára aṣọ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń gbèjà rẹ̀. Ìdáhùn yẹn wọ̀ mí lára, n kò sì tíì rí ẹni tó já a. Àwọn méjì ní kí n kọ "ẹ̀bùn" sára ẹrù tó kàn, torí ẹ̀bùn tí kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là kò sanwó. Mo kọ̀. Mo gbowó lórí ọjà, báwo ni màá ṣe pè é ní ẹ̀bùn?

Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí san owó ẹni márùn-ún, èmi san ti mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo ṣòfin." Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, báwo ló ṣe bá yín?

Oníṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, Houston:

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, àǹtí wa. Èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀gúsí ni mò ń tà níhìn-ín. Èyí tó ya èmi lẹ́nu ni pé iye owó kò dúró de òfin. Ìdá 10 náà, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yọ ẹrù tó ti wà lójú omi ṣáájú ọjọ́ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 3, ẹni tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fi owó lé èlùbọ́ tó ti wà ní ilé ẹrù rẹ̀ láti ìgbà ọdún Kérésì. Nígbà tí wọ́n dá ìyókù dúró, mo pè é pé kó yọ owó náà. Ó ní òun kò mọ ohun tí ọ̀la máa bí. Inú bí mi, àmọ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Èmi ni àwọn oníbàárà ń dojú kọ. Bàbá àgbà kan tó máa ń ra èlùbọ́ kílò márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í ra méjì. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń wo àpò náà títí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ìjọba yọ owó náà kúrò lórí kófí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti ẹran màlúù, torí ariwo ọ̀wọ́ngógó ti pọ̀. Ìyẹn ni pé àwọn náà mọ ẹni tó ń san án. Ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín ló dìbò fún un, a kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ládípọ̀, Èkó:

Ẹ má jẹ́ ká pa tiwa mọ́ ilé. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó bodè ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí à ń kó wọ Apápá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣírò ní 951 náírà di 1,356 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún yí lẹ́ẹ̀mélòó kan kí oṣù náà tó parí. Kọ̀ǹtẹ́nà mi wà ní wọ́ọ̀fù. Owó tí mo kó wá láàárọ̀ kò tó mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ìdúró ẹrù sì ń gun orí ara wọn. Ìparí oṣù náà ni báńkì àpapọ̀ tó pàṣẹ pé iye tí dọ́là jẹ́ ní ọjọ́ tí oníṣòwò bá ṣí Form M, fọ́ọ̀mù tí à ń kọ ní báńkì kí a tó kó ọjà wọlé, ni kí wọ́n máa lò. Ká ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, n kò ní ta ọkọ̀ mi.

Aláró, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Àbúrò mi ti Ládípọ̀, o sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba owó. Bí wọ́n bá ní 15, màá fi 15 ṣírò. Oṣù méjì ni aṣọ mi máa ń gbà kí ó tó jáde. Kí iye tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáà jẹ́ iye tí màá parí rẹ̀.

Ní báyìí, n kò gba aṣọ ẹbí Amẹ́ríkà mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ń padà sọ́hùn-ún lè gbé ẹrù ara rẹ̀ tó 800 dọ́là láìsan owó bodè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá Maryland wá sí Ìtòkú fúnra wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìyá mi, wọ́n ń ká yáàdì méjìlá sínú báàgì, wọ́n sì ń bi mí bóyá àyè ṣì wà fún fìlà ọkọ wọn.