Jẹ́sì tí wọ́n ní Yekini buwọ́ lù: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Jẹ́sì Super Eagles tí mo béèrè nípa rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin pé olóògbé Rashidi Yekini ló buwọ́ lù ú, ayédèrú ni.

Lébẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀ ló tú àṣírí. 11/13 ló wà níbẹ̀, ìyẹn oṣù kọkànlá 2013 ni wọ́n ṣe jẹ́sì náà. Oṣù karùn-ún 2012 ni Yekini kú, Irá níbí ní Kwara ni wọ́n sì sin ín sí. Òkú wo ló ń di bírò mú?

Ká tilẹ̀ ní kò sí déètì, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo tádà (yíǹkì) tí wọ́n fi buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í dúró rò ó; ọwọ́ á yára, ìparí ìlà á sì tín-ín-rín bí ìrù eku. Ẹni tó ń wo ẹ̀dà kọ ọ́ á máa dúró díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì ti dúró, máákà á rin wọ inú òwú, á ṣe kókó dúdú. Kókó mẹ́rin ló wà lára Y nìkan! Tó bá jẹ́ tóótòòtó wẹ́wẹ́ lẹ rí, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi spírítì nù ún wò o, á ba ojúlówó jẹ́.

Sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti fi jẹ́rìí pé ojúlówó ni ńkọ́? Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi nọ́ńbà náà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe jẹ́sì.