Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹgbẹ́ tó jẹ mí lówó ìránṣọ Òjúde Ọba tún ti kó aṣọ dé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí n'Íjẹ̀bú-Òde, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti gba fríídọ̀mù. Òjúde Ọba, ọdún ńlá àwa Ìjẹ̀bú, ni ìkórè wa níbí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, àmọ́ ó ti máa ń tó oṣù méjì ṣáájú tí oorun á ti wọ́n wa.

Lọ́dún tó kọjá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà) àwọn obìnrin kan gbé ìró àti bùbá 24 fún mi rán. Wọ́n san ìdajì, wọ́n ní báwọn bá ti òde dé, àwọn á san ìyókù. Òde parí, wọ́n ya fọ́tò, ó wù wọ́n. Títí dòní, owó aṣọ 11 ṣì wà lọ́rùn wọn. Àwìn ni mo ra òwú àti aṣọ inú tí mo fi rán an. Ọmọ tó bá mi ṣe wífíìn, ìyẹn rírán etí aṣọ kó má baà tú, náà ń wojú mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, lítà kan kò tó 200 náírà; ó ti wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa báyìí.

Àná ni ìyá ẹgbẹ́ wọn tún wọlé. Ó gbé báàgì léèsì ka orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní, "Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá." Ṣé kí n gbà á? Bí mo bá kọ̀, àwọn tí wọ́n ń júwe mi fún ńkọ́?

Bọ̀ọ̀dá Ṣàgámù: Àǹtí, ẹ dá a padà lónìí. Onígbèsè tí ò tijú kì í ṣe oníbàárà.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ọmọ mi, má dá a padà. Gbà á, ṣùgbọ́n má gé e. Ibi tá a ti ń ṣì í ṣe nìyẹn: bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan aṣọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Má bá ẹgbẹ́ dòwò pọ̀ mọ́, bá èèyàn dòwò. Ra ìwé kan, kọ orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tí kálukú jẹ, iye tó san. Ẹni tó bá san gbèsè èṣí, tó sì fi ìdajì tọdún yìí lé e, gé tiẹ̀. Ẹni tí ò san, jẹ́ kí tiẹ̀ wà nínú nàìlọ́n. Bó bá rí i tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ tiwọn wò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé owó wá. Ta ló fẹ́ dá wọ aṣọ ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń jó lọ síwájú ọba?

Owó tó bá kọ́kọ́ wọlé, sáré san án fún olówùú. Bí ìyẹn bá wó, ta ni yóò tún tà á láwìn fún gbogbo aránṣọ àdúgbò?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Irú gbèsè báyìí ló jẹ́ kí ọ̀gá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ku oṣù márùn-ún kí n gba fríídọ̀mù nígbà yẹn. Mi ò parí ẹ̀ títí dòní.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá ẹgbẹ́ bínú, ó ní mo ń fojú olè wo àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣí ìwé náà hàn wọ́n. Àwọn mẹ́ta ti san láti àárọ̀; mo ti fún olówùú ní tiẹ̀. Léèsì tó kù wà nínú nàìlọ́n lórí pẹpẹ.