Ọ̀dà tẹ́ ẹ fi rọ́pò òmíràn lára ère kéékèèké: kí lojú yín ti rí?

Akunère
Ẹ̀yin ará, ẹ wá rò ó fún wa. Ọ̀dà tán lójú iṣẹ́, àwọn tó ń ṣe é ti pa á tì, ẹ wá fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èwo ló bá a mu, èwo ló já yín kulẹ̀? Ẹ má kàn dárúkọ ọ̀dà lásán o, ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́yìn tó gbẹ. Pupa lèmi ń wá.

ẸkánMẹ́ta
Ọdún 2012 tí Citadel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ère, pa ọ̀dà rẹ̀ àti orúkọ wọn dà ni wàhálà yìí ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Boltgun Metal di Leadbelcher, Scorched Brown di Rhinox Hide, Bleached Bone di Ushabti Bone. Ohun tí àtẹ wọn ń sọ ni pé "ẹ lo èyí dípò ìyẹn". Kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ti àwọ̀ egungun (Bone) yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Dúdúòṣì
Orúkọ kì í ro ọ̀dà 😂

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì
@ẸkánMẹ́ta, gbogbo ìgbà làwọn èèyàn ń ní Ushabti Bone ti yẹ́lò jù. Kí ni wọ́n kùn sábẹ́ rẹ̀? Ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bo nǹkan tán. Lórí dúdú, á tutù, á fẹ́ jọ eérú. Lórí búráùn, á gbóná. Ẹ kùn ún sórí ọ̀dà àkọ́kùn kan náà kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi.

ẸkánMẹ́ta
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ìyẹn ò ní kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì
Ta ló ní ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ojúlọ̀rọ̀wà
Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí, kí ìjà parí. Ẹ mú páálí kan, ẹ fi ọ̀dà àkọ́kùn tẹ́ ẹ fi kun ère náà kùn ún. Ẹ fi dúdú fa ìlà tó nípọn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ wá kun ìyókù ọ̀dà àtijọ́ sọ́tùn-ún, tuntun sósì, kí etí wọn kanra, kí méjèèjì sì gun orí ìlà dúdú yẹn. Ìpele méjì. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ìdí tí etí wọn fi gbọ́dọ̀ kanra ni pé bí àyè bá wà láàárín wọn, ojú á dárí jì wọ́n. Ìlà dúdú ló máa sọ èyí tó ń bò ju èkejì lọ. Tẹ́ ẹ bá sì wò ó nígbà tó tutù, ẹ ó tan ara yín jẹ: ohun tó ń di ọ̀dà acrylic pọ̀ máa ń funfun bíi wàrà nígbà tó tutù, tó bá gbẹ á mọ́ gaara, àwọ̀ á wá ṣú sí i.

Ẹ wò ó lójú fèrèsé, kẹ́ ẹ tún wò ó lábẹ́ iná. Ọ̀dà méjì lè jọra lójú fèrèsé kí wọ́n pínyà lábẹ́ gílóòbù, torí èròjà tó fún wọn láwọ̀ yàtọ̀ síra.

Kíákíá
Gbogbo èyí fún ère tí ò ju àtàǹpàkò lọ? Ẹ fi fóònù ya á, kó sọ nọ́ńbà àwọ̀ fún yín.

Ojúlọ̀rọ̀wà
Fóònù tó ń tún funfun ṣe fúnra rẹ̀ bó ṣe wù ú? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yàwòrán dandan, kí méjèèjì wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo.

Kíákíá
Ó dáa, ọ̀gá àgbà páálí.

Aláró
Ẹ fi ọ̀rọ̀ búlúù kún un. Búlúù méjì lè jọ ìbejì nínú ìgò, kí èròjà àwọ̀ ọ̀kan jẹ́ PB29, kí ti èkejì jẹ́ PB15 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ èròjà nìyẹn). Ẹ po ẹ̀kán kan mọ́ ẹ̀kán funfun mẹ́rin: PB29 á fà sí àlùkò, PB15 á fà sí ewé. Bẹ́ ẹ bá ń fi funfun la ibi tó mọ́lẹ̀ lára aṣọ ère, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí á ti tú. Ọ̀dà ayàwòrán bíi Golden máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sára ìgò, ọ̀pọ̀ ọ̀dà ère kì í kọ ọ́.

Dúdúòṣì
Wọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà olómi tó ń ṣàn sínú kòtò ara ère, ńkọ́? Strong Tone ti Army Painter dípò Agrax Earthshade ti Citadel?

Aláró
Àwọ̀ wọn sún mọ́ra. Ẹ wo bó ṣe ń jókòó sínú kòtò, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó ń dán. Bó bá dán, fáníìṣì tí kì í dán á pa á.

ẸkánMẹ́ta
Ẹ po wọ́ọ̀ṣì tiyín: íńkì 1, matte medium (ohun ìpo ọ̀dà tí kì í dán) 4, omi 4.

Kíákíá
Omi nìkan ti tó.

ẸkánMẹ́ta
Kò tó rárá. Omi nìkan á já ohun tó so ọ̀dà pọ̀, àwọ̀ á sá lọ sí etí, á fi òrùka sílẹ̀ bíi ti ife tíì.

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì
Àwọ̀ lè bára mu kí ìwà má bára mu. Speedpaint àkọ́kọ́ ti Army Painter dípò Contrast ti Citadel ńkọ́, àwọn ọ̀dà tí ìpele kan ṣoṣo ń tó fún? Ó jọ ọ́ dáadáa, àfi tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà tutù gun orí rẹ̀: á jí, á sì dà pọ̀ mọ́ tòkè. Speedpaint 2.0 ti ọdún 2023 ló tún ìyẹn ṣe. Ẹ má sì po ọ̀dà Tamiya mọ́ ti Vallejo láti wá àwọ̀ o, ọtí tó wà nínú Tamiya á sọ ọ́ di wóróbo bíi rọ́bà. Ẹ kun ọ̀kan, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó kun èkejì lé e.

Dúdúòṣì
Wóróbo 😂😂 òótọ́ ni o.

Aláró
Ti irin náà: ẹ má fi Vallejo Metal Color lẹ ojú idà tẹ́ ẹ ti fi Leadbelcher kùn dé ìdajì. Èròjà rẹ̀ kúnná gan-an, kò ní dán bákan náà, ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ á hàn. Ẹ tún gbogbo idà kùn.

Akunère
Pupa ni mo bèèrè o.

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì
Ẹ ò sọ pupa wo.

Akunère
Mechrite Red.

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì
Àtẹ Citadel ní Mephiston Red. Ó mọ́lẹ̀ ju Mechrite lọ. Ẹ fi Rhinox Hide ẹ̀kán kan sí mẹ́fà rẹ̀, kẹ́ ẹ dán an wò lórí páálí.

Kíákíá
Páálí ti dé.